Pawa Olójé Tí Mo Rà ní Ìgbọ́kọ̀dá

Ọjọ́ tí mo lọ ra pawa kọ̀ǹpútà ní Ìgbọ́kọ̀dá ò ní kúrò lọ́kàn mi títí wọn yóò fi gbé èmi náà lọ. Tí mo bá jókòó sórí pákó iwájú ilé nírọ̀lẹ́, tí omi ń lọ tó ń bọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, ńṣe ló máa ń padà wá bí àlá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó gbé mi débẹ̀. Ìyàwó mi, Ọmọ́wùmí, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ìyá Dúpẹ́, ló máa ń dá orin fún àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa. Dúpẹ́ ọmọ wa ra kọ̀ǹpútà fún un, ó sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gba ohùn sínú rẹ̀. Nígbà tí òkun gba ilé wa ní Araròmí, ó kó gbogbo fọ́tò wa lọ. Kọ̀ǹpútà yẹn nìkan la rí gbé sọ́kọ̀. Lẹ́yìn náà ni Ìyá Dúpẹ́ kú, tó fi mí sílẹ̀. Kò sí àwòrán ojú rẹ̀ nílé mọ́. Ohùn rẹ̀ ló kù, inú àpótí yẹn ló sì wà. Tí oòrùn bá ń wọ̀, màá tan án, màá pa ojú dé, á máa kọrin, á wá dà bíi pé ó wà ní kíṣìnnì tó ń yan ẹja.

Àfi bí jẹnẹrétọ̀ ṣe ké kíkankíkan lọ́jọ́ kan, tí kọ̀ǹpútà ṣe "pà!" tó sì dákẹ́. Mo sáré pe Tísà Kọ́lá, ọmọ Ọ̀yọ́ tó ń kọ́ àwọn ọmọ wa níwèé. Ó tú u wò.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá. Ohùn Màmá wà níbẹ̀. Pawa rẹ̀ ló jó. Ẹ bá mi wá pawa tirí họ́ńdírẹ̀dì, kó má kéré sí bẹ́ẹ̀ o."

Ẹ̀rù bà mí. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá dárúkọ pawa, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ló ń sọ. Pawa fọ́tì ni mo fi pẹja títí mo fi darúgbó. Mo wo àpótí kékeré náà, mo ní, háà, abájọ tí orin Ìyá Dúpẹ́ fi máa ń mi ilé! Ìwé díẹ̀ ni mo kà, n kò sì fẹ́ kí tísà mọ bó ṣe kéré tó, ni n kò bá béèrè nǹkan kan.

Àárọ̀ ni mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ìgbọ́kọ̀dá. Kùrukùru bo omi, àwọn igi àgbọn dúró nínú rẹ̀ bíi pé wọn kò ní ìdí. Ọ̀dọ̀ Ayésanmí tó ń ta ẹ́ńjìnnì ni mo gbà lọ tààrà.

"Ayésanmí, mo fẹ́ pawa tirí họ́ńdírẹ̀dì."

"Ẹ̀gbọ́n! Ọkọ̀ wo lẹ rà? Àbí ẹ fẹ́ sọdá òkun ni?"

"Kì í ṣe ọkọ̀. Orí tábìlì ni mo fẹ́ gbé e sí."

Ayésanmí rẹ́rìn-ín títí ó fi di òpó mú. "Ẹ wá gbọ́ o! Bàbá Dúpẹ́ fẹ́ fi tábìlì wakọ̀ lọ sí Èkó!"

Nígbà tí mo dárúkọ kọ̀ǹpútà, ó ṣàlàyé pé àpótí kékeré tó ń pín iná fún un ni wọ́n ń pè ní pawa, ó ní kí n lọ sí ṣọ́ọ̀bù àwọn oníkọ̀ǹpútà. Ìtìjú ò jẹ́ kí n débẹ̀. Ọkùnrin kan tó patẹ wáyà sábẹ́ agboòrùn lẹ́bàá ọ̀nà ni mo yà sí. Ó gbé pawa méjì jáde. Mo gbé wọn sọ́wọ́, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, bí mo ṣe ń wo ẹja.

"Eléyìí fúyẹ́, ó ti gbẹ. Èyí tó wúwo yẹn ni kó o fún mi."

"Bàbá, ojú yín mọ ọjà o!" Ó fi iná sí i, ó fi wáyà kékeré kan so ojú méjì lára rẹ̀ pọ̀, fáànù rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Kí ni mo tún fẹ́ rí?

Nígbà tí mo délé, n kò lè dúró de tísà. Mo ti wáyà pawa náà nìkan bọ iná. Ó kùn, ó bú gbàù, èéfín sọ. Ẹbún, aládùúgbò mi tó ń fọ ẹja níta, fi igbe bọnu: "Iná o! Ilé Bàbá Dúpẹ́ ń jó!" Ó gbé korobá omi ẹja wọlé, ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà ló sì kọjú rẹ̀ sí. Arúgbó bíi tèmi fò! Mo na gbalaja lé kọ̀ǹpútà lórí, gbogbo omi náà dà sí mi lẹ́yìn, ìpẹ́ ẹja lẹ̀ mọ́ mi lórí. Bí Tísà Kọ́lá ṣe bá mi nìyẹn.

"Bàbá, kí lẹ ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà?"

"Mò ń ṣọ́ Ìyá Dúpẹ́ ni."

Ó tú pawa náà. Ẹ̀yin èèyàn mi, òjé ló wà níbẹ̀! Òjé tí à ń so mọ́ etí àwọ̀n kó lè rì. Èmi tí mo ti so òjé láti kékeré ni wọ́n wá ta òjé fún.

"Ẹ kúkú jù ú sódò, Bàbá Dúpẹ́," ni Ẹbún wí, "bóyá á pa ẹja!"

Tísà ò rẹ́rìn-ín. Ó fi wáyà rẹ̀ hàn mí, ó tín-ín-rín bí okùn ìwọ̀. "Pé fáànù ń yí kò túmọ̀ sí nǹkan kan, Bàbá. Iṣẹ́ la máa ń gbé lé e lórí ká tó mọ̀." Ìgbà yẹn ló yé mi. Ẹ́ńjìnnì náà a máa ké dáadáa lórí ilẹ̀. Ẹ dúró kí èrò kún ọkọ̀ ná.

Àwa méjèèjì la jọ padà lọ, ṣọ́ọ̀bù gidi la sì wọ̀. Tísà ka ohun tí wọ́n kọ sára pawa, ó fọwọ́ pa wáyà rẹ̀, ó ní kí wọ́n so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tiwọn, kó máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀ títí a fi jẹ búrẹ́dì tán. Kò gbóná, kò kùn. A gbé e wálé.

Kọ̀ǹpútà tàn. Orin ni mo ń retí, ṣùgbọ́n ibòmíràn ni tísà tẹ̀, ibi tí n kò dé rí. Ohùn Ìyá Dúpẹ́ jáde ketekete, èyí tí kọ̀ǹpútà gbà mọ́ ọn lọ́jọ́ kan tó ń gba orin sílẹ̀:

"Bàbá Dúpẹ́, ẹ má fọwọ́ kàn án! Ṣé ẹ tún fẹ́ bà á jẹ́ ni?"

Ó wá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín rẹ̀ gan-an. Ẹbún jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, omijé sì ń bọ́.

Tísà ti da ohùn náà sínú fóònù mi àti ti Dúpẹ́, kó má baà jẹ́ ibì kan ṣoṣo ló wà. Èmi náà ti kọ́gbọ́n: ọ̀rọ̀ tí kò bá yé mi, màá béèrè; ohun tó bá wúwo, màá ní kí wọ́n tú inú rẹ̀ hàn mí. Òjé yẹn ńkọ́? Mo ti so ó mọ́ àwọ̀n mi, ó sì ń rì dáadáa. Kọ̀ǹpútà ni n kì í fọwọ́ kàn mọ́. Ẹbún ló ń bá mi tàn án. Ìyá Dúpẹ́ ti sọ tirẹ̀.