Ọ̀gágun Krull Tún Sá Jáde Lórí Pápá

Ẹjọ́ kan balẹ̀ sí gbọ̀ngán ìlú Krullsburg lánàá, àní àgbàdo inú oko na ọrùn wá gbọ́ ọ. Rosalind Hostetler ni wọ́n pè lẹ́jọ́, òun ló máa ń gbé orí àtọwọ́dá Ọ̀gágun Krull, ẹni tó tẹ ìlú náà dó, wọ̀ jó níwájú àwọn agbábọ́ọ̀lù ilé-ìwé, irú bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbé dání sáré. Orí yẹn tóbi débi pé ènìyàn mẹ́tàdínlógún ló tì í wọlé!

Baba Otto, olórí ìlú, fi òòlù gbá tábìlì, ó kọjú sí olùkọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù.

"Kóòṣì Brubaker, kí ló fi ṣe ọ́?"

"Ẹ gba orí yẹn lọ́wọ́ ẹ̀, sà! Fúráìdé tó kọjá, bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ wa, ó ku ìṣísẹ̀ méjì ká gbé e dé òpin pápá ká borí. Báwọn ọ̀tá ṣe pariwo báyìí, Rosalind ti gba géètì jáde!"

"Báwo nìyẹn ṣe kan bọ́ọ̀lù?"

"Àwọn ọmọ mi sá tẹ̀lé e! Mọ́kọ̀ọ̀kànlá! Ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù dání ṣì ń sáré nínú oko àgbàdo títí di àárọ̀ Sátidé!"

"Kí ni wọ́n ń tẹ̀ lé e sí?"

Ohùn Kóòṣì wálẹ̀. "Wọ́n máa ń fọwọ́ kan imú orí náà búra, sà. 'Ibi tí Ọ̀gágun bá lọ là ń lọ.'"

"Ta ló kọ́ wọn?"

"Èmi ni, sà."

Fúráìdé tó ń bọ̀ ni ìdíje tí Rosalind máa ṣe kẹ́yìn kó tó jáde ilé-ìwé. Ọdún mẹ́ta ló fi tọrọ orí yẹn.

"Rosalind, ṣé lóòótọ́ lo sá?"

"Mo sá dáadáa, sà! Ìtàn ni mò ń tẹ̀ lé. Mo kà á ní láíbìrì: ogun mẹ́sàn-án ni Ọ̀gágun lọ, mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ló sá. Ibi tó ti dúró mí ló tẹ ìlú yìí dó sí. Ká ní kò sá ni, ibo lẹ̀ bá jókòó sí lónìí?"

Ìyá àgbà Winifred Krull, ọmọ-ọmọ Ọ̀gágun, fò dìde.

"Irọ́ burúkú! Bàbá wa ò sá! Omi ló lọ bù fún ẹṣin ẹ̀."

"Màmá, odò náà jìnnà tó báwo?" ni Baba Otto bi í.

"Ìrìn ọjọ́ mẹ́fà."

"Ẹṣin ńkọ́?"

"Ó fi sílẹ̀ lójú ogun."

Gus tó ń ta sọ́séèjì lẹ́nu géètì náà jẹ́rìí.

"Ọmọ yìí ò sá o. Ṣe ló rọra rìn kọjá."

"Baba Gus, mo wó tábìlì yín!"

"Ìwọ nìyẹn? Mo ṣe bí ìjì ni!"

Ìgbìmọ̀ ìlú forí korí, wọ́n jẹ ogójì dónọ́ọ̀tì, Baba Otto wá nu ẹnu.

"Rosalind, orí di tìẹ. A ò lè ba ìtàn jẹ́, o gbọ́dọ̀ máa sá. Ṣùgbọ́n látòní lọ, ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀tá ni kó o máa sá sí. Kí àwọn ọmọ gbé bọ́ọ̀lù dání tẹ̀ lé ọ. Ìyá Winifred á dúró lópin pápá pẹ̀lú korobá omi."

"Èmi ńkọ́, sà?" ni Kóòṣì bi í.

"Ìrù ẹ ti wà lọ́dọ̀ télọ̀. Ìwọ lẹṣin tí wọ́n fi sílẹ̀."