Sàráà Tí Mo Lọ Gbà Padà

Òjò ò rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, oòrùn ò sì yọ. Ojú ọ̀run kàn ṣú, ó dákẹ́, èéfín ilé búrẹ́dì tó wà lẹ́yìn ilé wa ní Agége sì rọ̀ sílẹ̀ sórí páànù, kò lè gòkè. Irú òwúrọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń jẹ́ kí n rántí gbogbo ẹni tí kò sí nílé. Ṣùgbọ́n tọjọ́ yẹn yàtọ̀, mi ò sì rò pé màá gbàgbé rẹ̀ láyé mi, torí pé àwọn ọmọ ọmọ mi ń bọ̀.

Láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú, èmi nìkan ni mo ń gbé inú yàrá mi. Rìsíkátù, ọmọ mi obìnrin, ń gbé ní Àgídìngbì pẹ̀lú ọkọ àtàwọn ọmọ rẹ̀. Àgídìngbì ò jìnnà, ẹni tó bá tètè rí kẹ̀kẹ́ wọ̀ á débẹ̀ kí ọbẹ̀ tó tutù. Àmọ́ iṣẹ́ kì í jẹ́ kí Rìsí ráyè. Ó máa ń pè mí lórí fóònù. Fóònù dáa, kò kàn lè jókòó ti èèyàn ni.

Nígbà tí wọ́n gba ọlidé, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí àwọn ọmọ wá lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ mi.

“Màámi, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ wá lo ọjọ́ kan ná,” ló wí. “Tó bá lọ dáadáa, wọ́n á wá lo ọ̀sẹ̀ kan.”

Ẹ ò rí i, wọ́n ń dán mi wò bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, èmi tí mo tọ́ òun fúnra rẹ̀ dàgbà! Mo ní ó dáa.

Bí ìyá wọn ṣe já wọn sílẹ̀ tó lọ, Fàrídà, èyí ẹ̀gbọ́n, ọmọ ọdún méje, jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó wo yàrá mi yíká. Kàmálù àbúrò rẹ̀, tí eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ká, náà wò ó yíká. Kò síná. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pa àlọ́, Kàmálù yán.

“Màmá Agége,” Fàrídà wí, torí bí wọ́n ṣe ń pè mí nìyẹn, “ṣé ẹ ní ìyẹ̀fun? Àǹtí wa kọ́ wa ní nǹkan kan níléèwé.”

Ìyẹ̀fun kẹ̀! Èmi tí mò ń gbé lẹ́yìn ilé búrẹ́dì! Mo kó ìyẹ̀fun jáde, mo kó ṣúgà, iyọ̀, bọ́tà, gbogbo ohun tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Bí àkókò ìrun Àílà ṣe tó nìyẹn, mo ní kí wọ́n máa pò ó lọ. Mo wà ní ìforíkanlẹ̀ tí mo fi gbọ́ tí nǹkan ń dà ṣààà sínú abọ́. Ó dà títí. Mo wí nínú ara mi pé ṣúgà mi ti tán lónìí. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, ọkàn mi ò sí nínú ìrun náà mọ́.

Nígbà tí mo fi máa ṣe tán, wọ́n ti tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, wọ́n ń fi ìdérí ìgò gé e, wọ́n ń fi ìṣáná lu ojú sí i lára. Ó wù mí láti máa wò wọ́n.

“Àǹtí ní ká yan wọ́n kí wọ́n lè le,” Fàrídà wí. Kò pẹ́, oorun gbé àwọn méjèèjì lọ lórí ẹní.

Ẹ̀yin náà ẹ gbà mí lẹ́jọ́ rò. Ní Agége, ta ló máa yan ìyẹ̀fun tí kò ní jẹ ẹ́? Mo tò wọ́n sínú páànù pẹrẹsẹ kan, mo rọra yọ jáde, mo gba ẹ̀yìn lọ sílé búrẹ́dì.

“Ìyá, ìyẹ̀fun yín ò wú o,” ọ̀gá ibẹ̀ sọ fún mi.

“Ta ló ní kó wú? Iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ ọmọ mi ni.”

“Ṣé ẹ fi yíìsì sí i ṣá?”

“Ẹ bá mi tì í sínú ààrò jàre, ẹ̀yin ọkùnrin yìí!”

Ó rẹ́rìn-ín, ó tì í wọlé. Nígbà tó jáde, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Mo fi bọ́tà pa á lára, ó ń dán. Ibẹ̀ ni èrò burúkú ti wọ orí mi: mo ní màá fi ṣe sàráà. Láti ìgbà Iléyá, kò sẹ́ni tó kanlẹ̀kùn mi bí kò ṣe ẹni tó fẹ́ yá ìṣáná, gbogbo ará ilé ló sì mọ̀. Ọpẹ́ ni mo fẹ́ dá lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo tún fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé èmi náà léèyàn. Mi ò sì tọ́ ọ wò. Ìyá mi kọ́ mi pé ẹni tó ń ṣe sàráà kì í kọ́kọ́ jẹ níbẹ̀.

Mo pín in láti yàrá dé yàrá. “Ẹ bá mi dúpẹ́ o, àwọn ọmọ ọmọ mi wà lọ́dọ̀ mi.” Ìyá Ṣẹ̀yẹ, ará ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun tó wà ní yàrá iwájú, gbàdúrà fún mi gan-an. Àáfà tó wà ní yàrá ìpẹ̀kun ń gbààwẹ̀, wọ́n ní àwọn á fi tàwọn ṣínu.

Mi ò tíì dé ẹnu ọ̀nà mi tí mo fi gbọ́ igbe.

“Yéè! Eyín mi o!” Ìyá Ṣẹ̀yẹ jáde, ó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú. “Màmá, kí lẹ fún wa jẹ yìí? Ṣé ẹ fẹ́ fi iyọ̀ pa wá mọ́ bí ẹja ni?”

“Mo jù ú fún ajá,” ẹnì kan pariwo látinú yàrá rẹ̀, “ajá kàn ń wò mí lójú!”

Mo ju èyí tó kù lọ́wọ́ mi sẹ́nu. Àfi bíi pé mo mu omi òkun. Mo sáré wọlé, Fàrídà ti jí, ó ń wá abẹ́ àga.

“Màmá Agége, àwọn èèyàn mi dà?”

“Èèyàn wo?”

“Mọ́mì, Dádì, Kàmálù, èmi. A fẹ́ kùn wọ́n lọ́dà, ká gbé wọn kọ́ sí pálọ̀.”

Kàmálù wo ẹnu mi. “Wọ́n ti jẹ Dádì!” Ni igbe bá ta.

Mi ò rí i rí kí èèyàn ṣe sàráà kó tún padà lọ gbà á. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kanlẹ̀kùn. “Ẹ jọ̀ọ́, sàráà ẹ̀ẹ̀kan yẹn, ṣé ó ṣì kù?” Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín, àwọn kan ń wò mí bíi pé orí mi ti ń yí. Ìyá Ṣẹ̀yẹ ní kí n wo inú garawa ìdọ̀tí. Àáfà ti lọ sí mọ́ṣáláṣí, wọ́n ti tilẹ̀kùn. Ibi tí mo ti tẹ̀ kọdọrọ sórí garawa ni mo ti gbọ́ ohùn Rìsí lẹ́yìn mi.

“Màámi! Kí lẹ ń wá nínú ìdọ̀tí?”

“Ọkọ ẹ ni.”

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Rìsí ò rẹ́rìn-ín. Ó nu ojú Fàrídà, ó wò mí bí mo ṣe máa ń wo òun nígbà tó wà ní kékeré.

“Ó ti rẹ̀ yín, Màámi. Ẹ jẹ́ ká máa lọ. Ó dìgbà míì.”

Mo mọ irú ìgbà míì yẹn. Fàrídà ò juwọ́ sí mi.

Nígbà tí wọ́n lọ, ìyẹ̀fun wà nílẹ̀ káàkiri, ẹsẹ̀ Kàmálù yọ nínú rẹ̀. Mo mú ìgbálẹ̀, mi ò lè gbá a. Ilẹ̀ ṣú tán kí Àáfà tó kanlẹ̀kùn.

“Màmá, mo bu omi mu, mo fẹ́ fi nǹkan yín ṣínu, eyín mi ò ràn án. Mo tún wò ó, àfi bí ẹ̀yin gan-an.”

Wọ́n nà án sí mi. Èèyàn kékeré náà wé gèlè, ó nímú fẹ̀ẹ̀ bíi tèmi. Fàrídà ò dárúkọ mi nígbà tó ń ka àwọn èèyàn rẹ̀, mi ò mọ̀ pé mo wà níbẹ̀. Mo gbé e sórí tábìlì. Àwa méjèèjì jókòó, à ń wo ara wa títí oorun fi kùn mí.

Lọ́jọ́ kejì, bí mo ṣe kírun Àsùbáà tán, mo di ìyẹ̀fun àti iyọ̀ sínú báàgì, mo wọ kẹ̀kẹ́, mo forí lé Àgídìngbì. Mi ò pe ẹnikẹ́ni. Ṣáájú ọjọ́ yẹn, àfi tí wọ́n bá pè mí kí n tó lọ, màá jókòó máa retí. Mo ti wá mọ̀ pé kò yẹ kéèyàn máa retí ohun tó lè fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ bá. Mo sì ti mọ̀ pé tọ́mọdé bá gbé nǹkan lé èèyàn lọ́wọ́, kó kọ́kọ́ bi í léèrè ohun tó wà fún.

Fàrídà ló ṣílẹ̀kùn. Ó kúnlẹ̀ kí mi, àmọ́ ojú rẹ̀ ò tíì túká.

“Mo wá kí o kọ́ mi ni,” mo wí. “Mi ò gbọ́ ọ yé lánàá.”

Ó wo báàgì, ó wò mí.

“Màmá Agége, ṣé ẹ ti jẹun?”

Inú mi yọ́. Mo ní ọmọ yìí ti dárí jì mí. “Rárá o, ọmọ mi.”

Ó yíjú sí kíṣìnnì. “Mọ́mì! Ẹ tètè wá fún Màmá Agége lóúnjẹ, kí wọ́n má tún jẹ wá tán o!”

Mo gbọ́ tí Rìsí bú sẹ́rìn-ín nínú kíṣìnnì. Èmi náà rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ bá mi rín in, ó tọ́ sí mi.