Télọ̀ Ojú Dígí àti Ṣíbí Ata Ilẹ̀ Pupa Mẹ́ta

Bí ẹ bá rí ọkùnrin tó ń bá dígí ṣọ̀rẹ́ ju bó ṣe ń bá èèyàn ṣe lọ, ẹ rọra máa bá a rìn. Télọ̀ kan ni mo fẹ́ ròyìn rẹ̀ fún yín. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ò lábùkù: bó bá rán ṣòkòtò, ṣòkòtò náà á mọ ibi tí ìdí olówó rẹ̀ wà. Àìsàn kan ṣoṣo ló ń bá a jà, ojú ara rẹ̀ ni. Ojú ọ̀hún ń dán lóòótọ́, ó ń dán débi pé eṣinṣin tó bá bà lé e á yọ̀ ṣubú. Ìdí nìyí tí àwọn ará àdúgbò fi ń pè é ní Ojú Dígí.

Ká ní ó dán kó sì dákẹ́, ọ̀rọ̀ ì bá tán. Ó tún ń fọ́nnu!

"Ọ̀gá télọ̀," aránbàtà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kangun sí tirẹ̀ á bi í, "ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ń fi pa ojú gan-an?"

"Omi tútù."

"Omi tútù nìkan?"

"Omi tútù, àti ìran tí mo ti ṣẹ̀ wá."

Irọ́ gbuu! Yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, níbi tí wọ́n ń kó àjákù aṣọ sí, ni gbogbo àṣírí wà. Orí fóònù ló ti ń ka ìmọ̀ràn: oyin kí awọ lè rọ̀, kùkúńbà tí a gé pẹlẹbẹ fún abẹ́ ojú tó wú, funfun ẹyin kí ìhunjọ lè sá lọ. Àwọn àgbà ní adìẹ dà mí lóògùn nù, mo fọ́ ọ lẹ́yin. Adìẹ kankan ò da oògùn tirẹ̀ nù, síbẹ̀ ẹyin tí Ojú Dígí ti fọ́ ò lóǹkà. Wọ́n ní ìwà lẹwà. Òun ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n oyin náà ń gbìyànjú.

Ìyàwó rẹ̀, tí wọ́n jọ ń ránṣọ, nìkan ló mọ̀. Eèrà ló tú àṣírí náà fún un. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ló rí i tí wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ láti ẹnu ọ̀nà dé orí ìrọ̀rí ọkọ rẹ̀.

"Bàbá wọn, ṣé omi tútù ni eèrà wọ̀nyí ń wá bọ̀?"

"Eèrà ni wọ́n, Ìyá wọn, wọ́n kì í ṣe òmùgọ̀. Wọ́n mọ ohun tó dára."

Lọ́dún náà, iṣẹ́ ò lọ déédéé. Aṣọ àránsílẹ̀ ti gba oníbàárà lọ́wọ́ wọn. Nínú ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́ta tó wà ní ṣọ́ọ̀bù, méjì ti di ibi tí wọ́n ń gbé ife tíì lé. Àfi bí ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn ńlá kan ṣe ránṣẹ́ wá pé òun fẹ́ ogójì aṣọ funfun. Kí Ojú Dígí rán ẹyọ kan ṣe àpẹẹrẹ. Télọ̀ kan ní òpópónà kejì náà ń rán ẹyọ kan. Ẹni tí tirẹ̀ bá mọ́ jù lọ ni yóò gba ogójì, ẹnì kejì á sì máa wo ẹ̀rọ rẹ̀.

Tọkọtaya rán aṣọ náà bí ẹni ń rán ẹyin. Ìyàwó lọ̀ ọ́, ó fi kọ́ ara ògiri. Ó ku kí màdáámù nọ́ọ̀sì dé ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ kejì.

Ní aago mẹ́jọ ọjọ́ náà, Ojú Dígí wọ yàrá ẹ̀yìn. Ìmọ̀ràn ti ọjọ́ yẹn rọrùn: oyin ṣíbí kan, ata ilẹ̀ pupa lílọ̀ tí òyìnbó ń pè ní turmeric, ìwọ̀nba èyí tí ìka méjì lè mú, kí a kọ́kọ́ dán an wò lára apá, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, kí a ṣàn án kúrò. Ojú Dígí rẹ́rìn-ín.

"Ẹni tó kọ eléyìí, ahun ni."

Bí èyí tí ìka méjì mú bá ń mú ojú dán, ṣíbí mẹ́ta ńkọ́? Ó bù ú, ó kún. Ó pò ó mọ́ oyin, ó kùn ún láti iwájú orí dé abẹ́ àgbọ̀n, ó sì lá èyí tó kù lára ṣíbí, torí oyin ò ṣeé fi ṣòfò. Ó fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí àjákù aṣọ pé kí òun sinmi díẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá di bíi wákàtí méjì.

"Bàbá wọn! Mọ́tò kan ti dúró níta o!"

Ó fò dìde. Ó bu omi bọ́jú wàràwàrà, ó wo dígí. Gílóòbù yàrá náà sì rèé, irú èyí tó pọ́n rúsúrúsú, tó ń sọ ògiri, àga àti èèyàn di àwọ̀ kan náà. Ojú Dígí rí ojú tó ń dán. Inú rẹ̀ dùn, ó jáde.

Ìyàwó rẹ̀ gbójú sókè. Abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá wọn, ojú yín..."

"Mo mọ̀. Ó ń dán."

"Kì í ṣe pé ó ń dán, ó ti..."

"Ìyá wọn, dákẹ́, àlejò ti wọlé."

Àlejò ti wọlé lóòótọ́: obìnrin gíga kan, tó fi aago kékeré kọ́ àyà, tó ti ń wo aláìsàn láti ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn. Kò tilẹ̀ wo aṣọ. Ojú télọ̀ ló tẹjú mọ́.

"Ẹ kú iṣẹ́ o... Háà! Ìgbà wo lèyí bẹ̀rẹ̀?"

Ojú Dígí rò pé ẹwà ló ń ya màdáámù lẹ́nu. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Wọ́n bí i mọ́ mi ni, màdáámù."

"Wọ́n bí i mọ́ yín? Ṣé bàbá yín náà ní i?"

"Tiwọn ju tèmi lọ!"

"Àwọn àbúrò yín ńkọ́?"

"Gbogbo ilé wa ni, màdáámù. Àwọn tó bá sún mọ́ wa pàápàá máa ń rí díẹ̀ mú níbẹ̀."

Màdáámù fi ìṣísẹ̀ méjì rìn sẹ́yìn. "Ó tún ń ràn!"

"Ó ń ràn kẹ̀?" Aránbàtà tó wá yọjú lẹ́nu ọ̀nà ti ń fọwọ́ pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀. "Èmi tí mo fi ife rẹ̀ mu omi lánàá!"

"Ẹ jókòó," ni màdáámù wí. "Ẹ yọ ahọ́n."

Télọ̀ yọ ahọ́n. Ahọ́n náà pọ́n bíi pupa ẹyin.

"Báwo ni àwọ̀ ìtọ̀ yín ṣe rí?"

"Màdáámù! Níwájú aránbàtà?"

"Ẹ má wo tèmi rárá," ni aránbàtà wí. "Ẹ dá wọn lóhùn."

Màdáámù mi orí. "Ó jọ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀. Ọ̀gá télọ̀, a ń lọ sílé ìwòsàn. Mi ò sì lè jẹ́ kí ẹni tó wà báyìí rán aṣọ fún àwọn nọ́ọ̀sì mi."

Ìgbà yìí ló tó yé Ojú Dígí pé ata ilẹ̀ ló sọ ojú òun di pupa. Ẹ ò rí i bí ọ̀rọ̀ ṣe há? Bó bá gbà pé ara òun ò yá, ogójì aṣọ lọ. Bó bá jẹ́wọ́, omi tútù àti ìran lọ. Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn, ó wá yan ọ̀nà kẹta tí àwọn afọ́nnu máa ń yàn.

"Màdáámù, ara mi le koko! Ẹ tiẹ̀ wo aṣọ yìí ná."

Ó já aṣọ funfun náà lára ògiri, ó nà án síwájú. Màdáámù dúró lókèèrè wò ó. Ojú ìrán tọ́ gbọọrọ, àpò jókòó, bọ́tìnì tò bí eyín ọmọdé. Ojú màdáámù rọ̀.

"Ó mọ́ o," ó wí. "Mo ti rí ti òpópónà kejì, kò mọ́ tó èyí."

Orí Ojú Dígí wú. Kíá, ó fẹ́ ká a fún un. Ẹ sì mọ̀ bí télọ̀ ṣe máa ń ká aṣọ gígùn nígbà tí kò bá sí tábìlì nítòsí: á fi àgbọ̀n tẹ ọrùn aṣọ mọ́ àyà, á wá fi ọwọ́ méjèèjì kó apá rẹ̀ jọ. Ogún ọdún ló ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀.

"Bàbá wọn, ẹ má fi...!"

Ó ti tẹ̀ ẹ́.

Nígbà tó máa gbé àgbọ̀n kúrò, aṣọ funfun náà ti hu irùngbọ̀n. Irùngbọ̀n pupa rúsúrúsú, láti kọ́là dé bọ́tìnì kìíní.

Màdáámù gba aṣọ, ó fi ìka ra ibẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó sún mọ́ télọ̀, ó fa ìpéǹpéjú rẹ̀ wálẹ̀. Ẹyinjú funfun nini.

"Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí," ó wí. "Ibà kì í pa aṣọ láró. Kí lẹ fi pa ojú?"

"Omi tútù," ni télọ̀ wí, ohùn rẹ̀ kéré bí ojú abẹ́rẹ́.

"Oyin ni, màdáámù," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Oyin àti ata ilẹ̀ pupa. Ẹyin ló fi ṣe tàná. Tìjẹta, kùkúńbà tó yẹ ká jẹ."

"Ìran tí ẹ ti ṣẹ̀ wá náà ńkọ́, ọ̀gá télọ̀?" ni aránbàtà bi í. "Ṣé inú ìgò ni wọ́n ń tà á?" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ti Ojú Dígí ti kúrò lójú, ó ti bọ́ sórí kọ́là.

Ìyàwó rẹ̀ ti mú sísọ́ọ̀sì. "Màdáámù, ẹ dákun, ẹ má bínú lọ. Ẹ fún mi ní wákàtí kan. Màá tú iwájú rẹ̀, màá fi tuntun sí i, ẹ ò ní mọ ibi tí ọwọ́ gbà."

Màdáámù wò ó. Ó wo ọkọ rẹ̀, tó dúró bí ọsàn tó pọ́n jù lórí igi.

"Mo fún yín ní wákàtí náà, mo sì fún yín ní ogójì. Iṣẹ́ ọwọ́ yín dára, ọ̀gá télọ̀. Iṣẹ́ àgbọ̀n yín ni mi ò fẹ́. Ìyàwó yín ni kó máa bá mi ká a."

Ó yọ ìwé kékeré kan àti bírò nínú báàgì rẹ̀. "Kí n tó lọ, ẹ jọ̀ọ́, ṣíbí mélòó lẹ fi sí i?"

Ẹ̀yin èèyàn, ọ̀gbẹ́ni yìí ò ní i gbọ́n láéláé. Ó na ọrùn. Ó fi ojú òṣì wo aránbàtà.

"Ṣíbí ata ilẹ̀ mẹ́ta, màdáámù, kó kún. Oyin kan. Ẹ kùn ún dé abẹ́ àgbọ̀n, ẹ sùn lé e. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni o, àṣírí ni."

Màdáámù kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kò fo ọ̀kan.

"Ìgbà wo lẹ fẹ́ lò ó," ni Ojú Dígí bi í, "kí n lè wá wo bó ṣe mú ojú yín?"

"Èmi kẹ̀?" Màdáámù pa ìwé náà dé. "Ògiri ilé ìwòsàn ni mo fẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́. Kí àwọn nọ́ọ̀sì mi lè mọ̀ pé bí irú yín bá dé, ọṣẹ ni kí wọ́n kọ́kọ́ fún un, kì í ṣe bẹ́ẹ̀dì."