Ìwé Ńlá Abíyá Alága

Bí ẹ bá fẹ́ kí Alága, ẹ kọ́kọ́ dúró dáadáa. Kì í dáhùn ìkíni ẹni tó bá fẹ̀yìn ti ògiri. Alága! Ẹṣin-iwájú ìjọba tiwa-n-tiwa! A-rí-kámẹ́rà-gbàgbé-oúnjẹ!

Òun kọ́ ló dá ẹgbẹ́ olùyọ̀ǹda ara-ẹni tó ń ṣe alága rẹ̀ sílẹ̀. Aránṣọ kan ló dá a sílẹ̀. Nígbà tí obìnrin náà gbọ́ pé Ààrẹ fẹ́ kí Ilé Aṣòfin fi sáà kẹta jíǹkí òun, ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó lọ jókòó sẹ́nu géètì wọn, ó ń ka ìwé òfin ilẹ̀ sókè. Lọ́jọ́ kejì, onígbàjámọ̀ kan bá a jókòó. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọ́n ti di ogójì. Àràárọ̀ ni wọ́n ń kà á kí wọ́n tó lọ síbi iṣẹ́.

Ọjọ́ tí akọ̀ròyìn gbé kámẹ́rà dé ni ọkùnrin wa dara pọ̀ mọ́ wọn. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti di alága.

Ohun kan ṣoṣo ló ń bà á nínú jẹ́: ìwé òfin náà tín-ín-rín. Onígbàjámọ̀ ń ká tirẹ̀ sápò ẹ̀yìn ṣòkòtò! Alága bá gba ọ̀dọ̀ adìwé lọ.

"Ṣe èyí tó nípọn fún mi. Awọ pupa ni kí o fi bò ó."

"Ó dáa, sà. Ẹ mú ìwé òfin yín wá kí n dì í mọ́ àárín."

"Èmi? Kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Òfin wà lórí mi."

"Bébà funfun ni màá fi kún un nígbà náà o."

"Ohun tó bá wù ọ́!"

Báyìí ni ìwé pupa ṣe dé abíyá Alága. Kò ṣí i wò rí. Èèpo ẹ̀yìn ṣáà ni kámẹ́rà ń rí.

Nígbà tó yá, Ilé Aṣòfin pe ará ìlú wá sọ tẹnu wọn. Ẹnì kan péré nínú ẹgbẹ́ kan, ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí kò bá sí ẹni tó fi ibi tí òfin ti ka sáà kẹta léèwọ̀ hàn wọ́n, kíá ni wọn yóò dìbò.

"Alága, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n lọ," ni aránṣọ bẹ̀bẹ̀. "Mo mọ ojú ibẹ̀."

"Pẹ̀lú téèpù lọ́rùn? Ẹ gbé jẹ́ẹ́, màdáámú."

Ó wọlé; àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tẹ̀lé e, wọ́n jókòó sẹ́yìn. Ó fi ìṣẹ́jú mẹ́rin kí àwọn ọlọ́lá, ó fi márùn-ún kí ara rẹ̀.

"A ti gbọ́," ni Abẹnugan wí. "Níbo ni òfin ti kọ̀ ọ́?"

"Ó wà nínú ìwé."

"Ẹ ṣí i."

Ìgbà yìí ni Alága rántí adìwé. "Ọlọ́lá jù lọ, ìwé yìí... a kì í ṣàdédé ṣí i."

Akọ̀wé Ilé gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣí i: funfun. Ó tún ṣí i: funfun báláú. Ó gbé e sókè kí gbogbo ilé rí i.

"Ó wà lórí mi!" ni Alága pariwo.

"Ẹ tẹrí ba, kí n fá a," ni onígbàjámọ̀ dáhùn láti ẹ̀yìn, "bóyá a ó rí i kà!"

Ẹ̀rín bú gbàù. Àwọn ọlọ́lá pàápàá di ikùn mú.

Aránṣọ ti dìde, ìwé pẹlẹbẹ rẹ̀ wà ní ṣíṣí. Abẹnugan mi orí. "Alága ló ni ìṣẹ́jú kan tó kù. Àfi tó bá fún yín."

Gbogbo ojú yí sí i. Kámẹ́rà náà yí sí i.

"Mo... mo fún un."

Obìnrin náà kà á ketekete: sáà méjì, kò gbọdọ̀ lé. Aago dún. Abẹnugan ká bébà ìdìbò, ó tì í sínú dúrọ́ọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, èrò tó fẹ́ yọ̀ǹda ara wọn tò kọjá géètì. Wọ́n ń kọ orúkọ wọn níwájú onígbàjámọ̀ sínú ìwé ńlá aláwọ pupa tí Alága gbàgbé sí Ilé Aṣòfin. Alága kọjá síwájú.

"Ẹ̀yìn ni ìlà ti bẹ̀rẹ̀, bàbá," ni onígbàjámọ̀ wí.

Ó padà lọ tò. Nígbà tó kàn án, oòrùn ti gun àtàrí. Wọ́n fún un ní bírò, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì kọ orúkọ rẹ̀ sójú-ìwé kọkànlá, lábẹ́ orúkọ adìwé.