Aṣojú Edé Lọ sí Ààfin Àbùùbùtán

Ẹ jẹ́ ká fi kìnnìún sílẹ̀ lónìí. A ti lò ó nínú ìtàn títí ó fi rẹ̀ ẹ́, kò sì tiẹ̀ sanra tó bẹ́ẹ̀. Inú òkun ni ọba tèmi ń gbé, láyé ìgbà tí omi òkun ṣì dùn bí omi àgbọn. Àbùùbùtán lorúkọ ẹ̀. Ara ẹ̀ rí bí aṣọ aró tó ti ń ṣá. Ó tóbi débi pé tí o bá kí i níbi orí, kí ìrù tó mọ̀ pé àlejò dé, o ti padà sílé. Ahọ́n ẹ̀ nìkan tó erin.

Pẹ̀lú gbogbo títóbi yìí, edé wẹẹrẹ ló ń jẹ. Ẹja ńlá kò gba ọ̀fun ẹ̀. Ni àwọn ìjòyè bá ń yìn ín pé ọba onírẹ̀lẹ̀ ni, kì í fọwọ́ kan èèyàn ńlá.

Nígbà tó yá, àwọn edé rí i pé àwọn ń dín kù. Wọ́n ní kí aṣojú lọ bẹ Kábíyèsí. Wọ́n mú Lámidi mọ́ wọn, bẹ́ẹ̀ òun nìkan ló kù lọ́wọ́ ìyá ẹ̀.

“Lámidi, má lọ,” ni ìyá ẹ̀ wí. “Ẹni tó ń jẹ yín lẹ fẹ́ lọ fẹjọ́ sùn?”

Baṣọ̀run Ekurá, ẹja apanijẹ tó jẹ́ olórí àwọn ìjòyè, rẹ́rìn-ín, eyín ẹ̀ tò bí ayùn. “Ìyá Lámidi, ẹ fara balẹ̀. Ṣé ẹ ti rí eyín lẹ́nu Kábíyèsí rí? Kò ní ẹyọ kan. Irun ló tò síbẹ̀ bí òòyà. Ta ni òòyà bù jẹ rí?”

“Òòyà kì í buni jẹ lóòótọ́, Baṣọ̀run. Ẹ bi iná orí wò.”

Wọ́n ní ọ̀tá ìlọsíwájú ni.

Ààfin kò sí níbòmíì, ẹnu Kábíyèsí náà ni. Ó là á gbàgà, Ekurá ní kí wọ́n wọlé. Ìjà ìjókòó iwájú bẹ̀rẹ̀. Lámidi fi ìgbọ̀nwọ́ ti àgbàlagbà méjì dànù, ó wá ń ké sí ìyá ẹ̀ níta: “Màámi, mo ti ríbi jókòó. Mo tiẹ̀ ń rí ọ̀fun láti ibí.”

“Mo ti gbọ́ yín,” ni Kábíyèsí wí. Kó tó lè sọ ọ́, ó ní láti pa ẹnu dé. Omi sẹ́ jáde láàárín òòyà. Omi nìkan.

Àwọn edé tó kù nílé retí wọn títí, wọn ò rí ẹnì kankan. “Wọ́n ti fi wọ́n joyè nìyẹn,” ni wọ́n ń wí. “Ta ló máa débi oúnjẹ tó máa rántí ilé?”

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, Kábíyèsí yí ìdí sí ìlú. Ìgbẹ́ pupa rọ̀ sílẹ̀ bí ìkùukùu. Ekurá sáré dé, ó feyín gé ríbọ́ọ̀nù.

“Kábíyèsí ti dá yín lóhùn. Ajílẹ̀ ọ̀fẹ́ rèé. Ewé omi tí ẹ ń jẹ máa hù bí kò ṣe hù rí.”

Ijó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ìjọba tó ń ṣiṣẹ́ nìyí.

Ìyá Lámidi tẹjú mọ́ àwọ̀ ìgbẹ́ náà. Ó mọ pupa yẹn, òun ló bí i.

Ewé hù lóòótọ́, wọ́n jẹ, wọ́n yó. Wọ́n ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Ta ló máa lọ dúpẹ́ láàfin? Kálukú na gbogbo ẹsẹ̀ tó ní sókè. Nígbà tí wọ́n kà á, ó ju edé tó wà lókun lọ.

Ìyá Múrí, aládùúgbò, bojú wẹ̀yìn. “Ìyá Lámidi, ẹ ò jẹun?”

“Mi ò lè jẹ ọmọ mi.”

Ìyá Múrí ro ọ̀rọ̀ náà dáadáa.

“Ẹ jẹ́ n bá yín jẹ tiyín nígbà náà. Mi ò fẹ́ fi ebi lọ. Àwọn ọmọ mi ti lọ gba ìjókòó iwájú dè mí.”