Ẹwìrì Fẹ́ Àfẹ́sọ́nà Mi Lọ

Ọjọ́ kan wà tí kò ní tán lọ́kàn mi títí n ó fi fọwọ́ rọrí: ọjọ́ Àìkú tí mo lọ tọrọ Ayọ̀ká lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ ní Sakété.

Òmìnira wa ò tíì pẹ́ nígbà náà. Olùkọ́ ni mí ní Pobè, Mẹ̀sí ni gbogbo ayé ń pè mí, orúkọ náà sì ti ń gùn mí ju bó ṣe yẹ lọ. Alágbẹ̀dẹ ni Bàbá Ayọ̀ká. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ni, sùtánà funfun báláú ṣì wà lọ́rùn wọn. A jókòó lẹ́bàá àgbẹ̀dẹ, ọ̀rọ̀ ń lọ geerege, àfi bí ọkọ̀ òfuurufú ṣe kọjá lókè.

"Mẹ̀sí," ni Bàbá wí, "báwo ni epo inú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe ń ráyè jó nínú atẹ́gùn tó le tó yẹn?"

Ìbá ṣe pé mo fẹnu dá wọn lóhùn! Rárá o. Mo ní n ó fi hàn wọ́n. Mo da tàdáwà tó wà nínú àpò mi sínú omi, mo fà á sínú pọ́ńpù kẹ̀kẹ́ mi, mo ní kí Ayọ̀ká máa tẹ ẹwìrì.

"Ẹ wò ó, pọ́ńpù yìí ni ẹnu epo, ẹwìrì ni atẹ́gùn inú ẹ́ńjìnnì."

Mo rọra tì í. Atẹ́gùn gbá omi náà mú, ó tẹ̀ ẹ́, ó fọ́ ọ wẹ́wẹ́ bí ìrì, àwọn méjèèjì sì pò pọ̀. Ó wù mí! Àmọ́ orí gàrí tí Ìyá Ayọ̀ká sá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ni ìrì náà bà sí.

"Yéè! Gàrí mi!"

Ọlọ́gbọ́n ì bá dọ̀bálẹ̀ níbẹ̀. Èmi ní, "Ẹ má bínú, Ìyá, mi ò tì í le tó ni. Bí mo bá tì í dáadáa, àárín atẹ́gùn ni yóò dúró sí."

Mo fi gbogbo agbára tì í. Omi la atẹ́gùn kọjá bí ẹni pé kò sí níbẹ̀, ó ba Bàbá láyà gbàà! Mo sáré fọwọ́ nù ún, mo wá fi kun gbogbo sùtánà náà. Ayọ̀ká bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló pa mí.

Bàbá wo àyà wọn, wọ́n wò mí.

"Mẹ̀sí, òrùn ń lọ. Pobè jìnnà."

Mo rán alárinà, mo tún fẹsẹ̀ ara mi lọ bẹ̀bẹ̀, pàbó ló já sí. Nígbà tó yá, wọ́n fi Ayọ̀ká fún àgbẹ̀ kan ní Takon, ẹni jẹ́jẹ́ tí kì í ṣàlàyé nǹkankan fún ẹnikẹ́ni.

Mo pàdé Ayọ̀ká lọ́jà lẹ́ẹ̀kan, ó pọn ọmọ. "Mẹ̀sí, ìyàwó ń kọ́?"

"Ó wà dáadáa," ni mo wí. Irọ́ ni, mi ò tíì rí ẹni tí n ó fẹ́.

Ẹni tó bá wá tọrọ ìyàwó, ẹ̀yin ará, ìyàwó ni kó tọrọ. Mo máa ń rẹ́rìn-ín bí mo bá ń sọ ọ́, àmọ́ ẹ̀rín náà kì í pẹ́ lẹ́nu mi.