Ọjọ́ Tí Mo Wa Ọkọ̀ Ọlọ́pọ́n Já Sáàárín Ìrìbọmi

Ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi bó ti wù kí n dàgbà tó: ọjọ́ Sátidé tí mo fi ẹ̀yìn wa ọkọ̀ wọ àárín àwọn tó ń ṣe ìrìbọmi lódò Ògùn. Títí dòní, àwọn kan wà ní Mowe tí wọn ò mọ orúkọ mi, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti ní "ìyá ọlọ́kọ̀ ọjọ́sí yẹn," èmi ni wọ́n ń wí. Kò burú. Orúkọ tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ wà láyé.

Ọkọ mi ti kú nígbà náà, ó ti lé ní ọdún kan. Mo ń ṣe irun ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀, àwọn ọmọ mi sì ti wà nílé ìwé gíga. Ohun tí ojú opó ń rí kò tó ohun tí etí rẹ̀ ń gbọ́. Bí mo bá rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní mo ti gbàgbé olóògbé. Bí mo bá di irun tó dáa sórí, wọ́n á ní ta ni mo ń ṣe é fún. Ẹni tó wá gbé ọ̀rọ̀ mi karí ju gbogbo wọn lọ ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, Bọ̀dá Àgbà, tó ń gbé ní Ìbàfò, tó sì jẹ́ díákónì nínú ìjọ wọn. Èèyàn rere ni o, n ò ní parọ́ mọ́ ọn. Òun ló dúró tì wá nígbà ìsìnkú. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ló ti gbà pé òun ni olórí ilé mi. Ibi tí mo bá lọ, aṣọ tí mo bá wọ̀, àní iye ata tí mo bá fi sọ́bẹ̀, ó ní ohun tó fẹ́ sọ sí i.

Bí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Wọ́n ń ṣe ìdíje eré ìdárayá gbogbo àgbáyé lọ́dún náà. Mo ń di irun fún oníbàárà kan, jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìnkùlé, tẹlifíṣọ̀n ń ṣiṣẹ́. Wọ́n wá gbé àwọn obìnrin kan jáde tí wọ́n kúnlẹ̀ sínú ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, tí wọ́n ń fi àjẹ̀ wa omi, tí ọkọ̀ ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Wọn ò kó ẹrù lọ sọ́jà. Wọn ò pẹja. Wọ́n kàn ń wa ọkọ̀ nítorí pé ó wù wọ́n ni. Ọwọ́ mi dúró lórí irun.

"Èmi náà máa ṣe èyí," ni mo wí.

Oníbàárà mi rẹ́rìn-ín débi pé orí rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi. "Àǹtí, ẹ̀yin? Pẹ̀lú ìdí yín yìí?"

Ìdí mi yìí náà ni! Òun gan-an ni mo máa gbé lọ.

Ẹni tó bá mọ àdúgbò wa mọ̀ pé téèyàn bá kẹ̀yìn sí ariwo ọ̀nà márosẹ̀, tó gun ọ̀kadà wọ inú lọ dáadáa, yóò kan odò Ògùn níkẹyìn, òdìkejì rẹ̀ sì ni àgbègbè Ifọ̀. Oníbàárà mi kan ń gbé létí odò yẹn, Ìyá Sàúdátù, ẹgbẹ́ mi ni. Ọkọ̀ ọlọ́pọ́n ló fi ń gbé ẹ̀fọ́ láti oko òdìkejì wá. Nígbà tí mo ní kó kọ́ mi, ó ní kí ni mo fẹ́ máa gbé.

"Ara mi."

"Lọ síbo?"

"Kí n lọ, kí n sì padà."

Ó wò mí títí. "Ṣé o mọ omi í wẹ̀?"

"Rárá."

"Ọkọ̀ wíwà ò tíì kàn ọ́ nìyẹn."

Ó so kẹ́ẹ̀gì òfìfo méjì mọ́ mi lábíyá, ó sì tì mí sódò níbi tí kò jìn. Bí mo ṣe ń léfòó tí mo ń ta ẹsẹ̀ bí ọ̀pọ̀lọ́ nìyẹn, títí ẹ̀rù omi fi kúrò lára mi. Lẹ́yìn náà la wá kan ọkọ̀. Mo ti rò pé apá ni wọ́n fi ń wà á. Irọ́ ni o. Ikùn àti ìbàdí ni. Kí èèyàn kúnlẹ̀, kó má dìde, kó má sì fi ìbínú fa omi. Bó bá wa omi lápá ọ̀tún, imú ọkọ̀ á yà sí òsì, àfi kó mọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀gbẹ́ àjẹ̀ dá a padà. Èmi ò mọ̀ ọ́n. Ọ̀pọ̀ Sátidé ni mo fi ń yí po lójú kan bí ẹni ń ro ọkà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ̀ kọ́kọ́ bá mi lọ tààrà, tí n kò gbọ́ ìró mọ́tò, tí n kò gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni, àfi omi tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ pákó, mo sunkún. Ẹkún ayọ̀ ni.

Kò pẹ́ tí Bọ̀dá Àgbà fi gbọ́. Ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, kò tiẹ̀ jókòó.

"Ìyàwó wa, wọ́n ní o ń wa ọkọ̀."

"Ẹ káàárọ̀, sà. Òótọ́ ni, sà."

"Opó? Lórí omi? Ṣé kí ayé lè sọ pé ìbànújẹ́ ló gbé ọ lọ bá màmíwọtà? N ò fẹ́ gbọ́ ọ mọ́."

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ ṣeun, sà."

Ó lọ, ó rò pé mo ti gbà. N ò gbà. Ẹ ṣeun ni mo wí.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo tún gba ọ̀nà odò lọ. Òjò ńlá ti rọ̀ lóru, omi ti kún, ó pọ́n bí epo. Mo wọ ṣòkòtò bọ́ọ̀lù olóògbé, mo so kẹ́ẹ̀gì mi mọ́ abíyá. Ìyá Sàúdátù ní, "Má kọjá ìdí ọparun yẹn o. Omi òní lágbára." Mo ní mo ti gbọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa dá wà nínú ọkọ̀ nìyẹn, ìgboyà sì ti kún inú mi. Mo kọjá ìdí ọparun.

Nígbà tí mo fẹ́ yí padà, omi gba imú ọkọ̀ lọ́wọ́ mi. Mo wa ọ̀tún, mo wa òsì, mo ń bẹ̀ ẹ́, mo ń bú u. Kí n tó mọ̀, ìdí ọkọ̀ ti di iwájú, a sì ń lọ. Bí a ṣe yí kọ́nà odò ni mo gbọ́ orin ìyìn. Mo wẹ̀yìn. Àwọn aláṣọ funfun ló tò sínú omi níbi tí kò jìn. Pásítọ̀ wà láàárín, ó di ọkùnrin kan nímú mú, ó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ bọmi. Ta ló sì dúró tì í tó ń bá a di ọkùnrin náà mú? Bọ̀dá Àgbà.

"Ẹ yà lọ́nà! Ẹ yà o!"

Obìnrin kan láàárín àwọn akọrin lọgun, "Jésù! Màmíwọtà!" Ìdajì ẹgbẹ́ akọrin ti gòkè odò kó tó pa ẹnu dé. Pásítọ̀ jọ̀wọ́ ọmọ ìrìbọmi sínú omi, ó na ọwọ́ sí mi. "Padà! Mo ní padà!"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ohun tí mo ń gbìyànjú láti ṣe nìyẹn!"

Ìdí ọkọ̀ mi gbá Bọ̀dá Àgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọkọ̀ dojú dé, mo bọ́ sódò. Kẹ́ẹ̀gì gbé mi léfòó bí ikàn. Nígbà tí mo nu omi kúrò lójú, n ò rí Bọ̀dá mọ́. Aṣọ funfun nìkan ni mo rí tó wú sójú omi. Àwọn tó ń wa yanrìn ti gbẹ́ ọ̀gbun síbẹ̀, inú rẹ̀ ló sì já sí. Gbogbo àwọn tó kù, títí kan ọmọ ìrìbọmi, ń pariwo Jésù lókè, kò sẹ́ni tó bọ́ sínú omi. Ẹ̀rín kúrò nínú ọ̀rọ̀. Mo ta ẹsẹ̀ bí Ìyá Sàúdátù ṣe kọ́ mi, mo na àjẹ̀ tó ṣì wà lọ́wọ́ mi sí i. "Bọ̀dá, ẹ dì í mú!" Ó dì í mú bí ẹni di ilẹ̀kùn ọ̀run mú. Mo ń ta ẹsẹ̀, mo ń fà á, ó ń ké, "Mo kú! Mo ti kú!" Ó ṣì ń kú lọ nígbà tí ẹsẹ̀ mi kan ilẹ̀.

"Bọ̀dá," ni mo wí, "ẹ dìde dúró, sà. Omi ò ju orúnkún lọ mọ́."

Ó dìde. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì mi méjèèjì. "Ìwọ!"

"Èmi ni, sà. Ẹ kú ewu, sà."

Ìyá Sàúdátù ti sáré gba etí odò bọ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó wò yíká, ó rí i pé kò sẹ́ni tó kú, ó bá jókòó sínú ẹrẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n pèpàdé ẹbí sí pálọ̀ Bọ̀dá Àgbà. Ó ní kí n tọrọ àforíjì, kí n sì búra pé n ò ní fọwọ́ kan ọkọ̀ mọ́. Mo kúnlẹ̀, mo sì tọrọ àforíjì tọkàntọkàn, nítorí mo mọ̀ pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pààyàn. Lẹ́yìn náà mo ní, "Ṣùgbọ́n n ò ní búra, sà. Ọkọ mi ló kú, èmi ò kú. Bí mo bá jókòó sílé títí ìjókòó fi pa mí, kò sẹ́ni tó máa pèpàdé."

Àbúrò bàbá ọkọ mi, ẹni tó dàgbà jù níbẹ̀, wá bi Bọ̀dá pé, "Ta ló fà ọ́ jáde nínú ọ̀gbun?"

"Òun náà ló tì mí sí i!"

Ẹ̀rín bú sílẹ̀. Mo gbọ́ tí ìyáálé mi, ìyàwó Bọ̀dá, jẹ́ kí abọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní kíṣìnnì. Ìpàdé tú ká. Bọ̀dá ò fún mi láṣẹ. Èmi náà ò sì tọrọ rẹ̀.

Mo kọ́gbọ́n o. N kì í gorí omi lẹ́yìn òjò ńlá mọ́, mo sì ti ní ẹ̀wù ìléfòó gidi. Mo kọ́ ọ pẹ̀lú pé ìtìjú dà bí omi tó wọ èèyàn létí: ó ń dunni, ó ń dí etí, ṣùgbọ́n bó pẹ́ bó yá, á ṣàn jáde.

Ní Sátidé kan lẹ́yìn náà, mo ń gbọ́n omi inú ọkọ̀ dànù ni mo rí ìyáálé mi tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, ó wé gèlè, ó gbé agbọ̀n lọ́wọ́.

"Bọ̀dá rẹ mọ̀ pé ọjà Ifọ̀ ni mo ń lọ," ni ó wí. "Kò kàn bi mí pé ọ̀nà wo ni mo máa gbà ni."

Mo wọ ẹ̀wù ìléfòó fún un, mo ní kó kúnlẹ̀. Ó di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ méjèèjì mú, ó ń pe gbogbo orúkọ Ọlọ́run tó mọ̀. Láàárín odò, mo fa omi jù, ọkọ̀ yí po, a sì kó sínú ojúoró. Mo rò pé yóò bú mi. Ó la ojú, ó wo igbó, ó wo omi, ó wo ewé tó bo agbọ̀n rẹ̀. Ó ní, "Ìyàwó, àṣé bó o ṣe ń jayé nìyí, tó ò sì pè mí!"

Àwa méjèèjì bú sẹ́rìn-ín, ọkọ̀ sì ń mì.